Ilé rírà ní gbàǹjo ní UK: bí ẹ ò ṣe ní jẹ́ kí guide price tàn yín jẹ

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí ṣáá: "Wọ́n kọ £95,000 sí ilé náà lára. A wá owó, a gba lọ́yà, a dé ibẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti tà á ní £151,000. Ṣé wọ́n ń fi wá ṣeré ni?"

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni, eré ni wọ́n ń fi yín ṣe. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fa ìjákulẹ̀ ni pé a ka guide price, ìyẹn iye tí wọ́n kọ sínú ìpolówó, sí iye tí wọ́n fẹ́ ta ilé. Ìdẹ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kó èrò wá. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò fi ní rí yín mú ni kí ẹ ti ní iye tiyín lọ́wọ́ kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀, iye tí ẹ ṣírò fúnra yín, tí ẹ ò sì ní kọjá rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ṣe é ló wà nísàlẹ̀ yìí.

England ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Wales ní owó orí ilé tirẹ̀, Scotland sì ní òfin ilé tó yàtọ̀, nítorí náà bí ilé tí ẹ ń wò bá wà níbẹ̀, lọ́yà ibẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.

Owó mẹ́ta tí ẹ ò gbọdọ̀ pò pọ̀ mọ́ra

- Guide price: iye tó wà nínú ìpolówó. Wọ́n lè yí i padà nígbàkigbà kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé, wọ́n sì máa ń yí i padà bí èrò bá ti pọ̀ jù lórí ilé náà.
- Reserve price: iye tí ẹni tó ni ilé ti bá onígbàǹjo sọ pé òun ò ní tà sísàlẹ̀ rẹ̀. Àṣírí ni. Wọn kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀ wá rà.
- Iye tí wọ́n tà á: ibi tí owó dé nígbà tí onígbàǹjo bá lu òòlù. Kò sí òfin kankan tó dè é.

ASA, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó ọjà ní UK, ní ìlànà lórí àkọ́kọ́ àti èkejì. Bí guide price bá jẹ́ iye kan ṣoṣo, reserve kò gbọdọ̀ fi ju 10% lọ lé e. Bí wọ́n bá kọ ọ́ láti iye kan dé òmíràn, àárín méjèèjì ni reserve gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ fi £95,000 yẹn ṣe ìṣirò. Reserve rẹ̀ lè jẹ́ £104,500, kò sì rú ìlànà kankan. Ìyẹn ni pé ẹni tó mú £95,000 géérégé lọ lè má rí ilé náà rà, kódà bó ṣe òun nìkan ló yọjú. Ibi tí ìbínú púpọ̀ ti ń wá nìyẹn, ó sì wà nínú ìwé gbàǹjo ní lẹ́tà wínníwínní.

Bí ẹ bá rí "starting bid" dípò guide price, ẹ túbọ̀ lajú. Ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í pe owó lásán nìyẹn.

Kí ẹ tó lọ wo ilé: irú gbàǹjo wo ni?

Oríṣi méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn sì lè ná yín lówó gọbọi.

Ti àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní unconditional: bí òòlù bá ti lu, àdéhùn ti wọlé, òfin ti dè yín láti ra ilé náà. Ẹ máa san 10% lójú ẹsẹ̀, ẹ sì máa san ìyókù láàárín nǹkan bí ọjọ́ 28. Kò sí "ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó."

Ti ìgbàlódé, ìyẹn conditional, tí wọ́n tún ń pè ní modern method: òòlù kò tíì so yín mọ́ ilé náà. Ẹ máa san reservation fee, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń dá ilé náà dúró dè yín, wọ́n á sì fún yín ní nǹkan bí ọjọ́ 56 láti fọwọ́ sí àdéhùn kí ẹ sì san owó tán. Ó dà bíi pé ó rọrùn jù, àmọ́ ẹ wo owó reservation yẹn. Ó sábà máa ń jẹ́ bíi 4.5%, VAT ti wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ onígbàǹjo sì ní iye kan tí wọn kì í gbà sísàlẹ̀ rẹ̀. Níbi púpọ̀, orí iye ilé ni wọ́n máa ń fi kún, wọn kì í yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Lórí ilé £140,000, ó kéré tán £6,300 nìyẹn. Bí ẹ bá yí ọkàn padà, tàbí báńkì kọ̀ fún yín, owó náà ti lọ nìyẹn. Ní tèmi, ti àtijọ́ ló ṣe kedere jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló le jù.

Ìgbésẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé

1. Ẹ wọn onígbàǹjo náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi àbájáde gbàǹjo tó ti kọjá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú gbàǹjo mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ẹ wá àwọn ilé tó jọ èyí tí ẹ fẹ́, kí ẹ to guide price sí ọ̀tún, kí ẹ to iye tí wọ́n tà á sí òsì. Láàárín wákàtí kan, ẹ ti máa mọ bóyá ẹni tó máa ń kọ iye tó sún mọ́ òótọ́ ni, tàbí ẹni tí ilé rẹ̀ kì í lọ láìfi ìdajì lé guide price. Iṣẹ́ kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa dá yín dúró kí ẹ má baà náwó sórí ilé tí ọwọ́ yín kò lè tó.

2. Ẹ wá iye òótọ́ ilé àdúgbò náà. Land Registry ń fi iye tí wọ́n ta ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí gov.uk. Ilé ojú pópó kan náà, tó tóbi bákan náà, tí wọ́n tà láàárín ọdún kan sí méjì, ni kí ẹ wò. Iye tí àwọn kan ń polówó ilé tiwọn kò kàn yín o. Iye tí wọ́n gbà gan-an ni.

3. Ẹ lọ wo ilé náà, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ ilé kọ́ dání. Wọ́n sábà máa ń kó gbogbo èrò wọlé pa pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ má fi àkókò náà wo ibi tí àga máa wà. Ẹ fi ọwọ́ kan ògiri lábẹ́ fèrèsé, kí ẹ mọ̀ bóyá ó tutù. Ẹ gbójú sókè sí igun àjà, níbi tí omi òjò ti máa ń fi àmì aláwọ̀ tíì sílẹ̀. Bí kọ́bọ́ọ̀dù kan bá wà tí wọ́n gbé ti ògiri, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ bojú wo àpótí iná. Ẹ wò ó bóyá ilé ìdáná àti balùwẹ̀ wà tó ṣeé lò, nítorí pé bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí, ọ̀pọ̀ báńkì kò ní yá yín lówó lórí rẹ̀.

4. Ẹ gba legal pack, kí lọ́yà yín sì kà á tán. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni ẹ máa ń rí i gbà. Inú rẹ̀ ni ìwé ilé, àwòrán ilẹ̀, àdéhùn ayálégbé bó bá wà, lease (àdéhùn tó ń sọ iye ọdún tí fúláàtì máa fi jẹ́ ti ẹni tó rà á) bó bá jẹ́ fúláàtì, àti àwọn àlàyé látọ̀dọ̀ káńsù. Owó tí lọ́yà máa gbà láti kà á kì í pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó lè gbà yín là.

Ibi tó ń dun ènìyàn jù nínú rẹ̀ ni special conditions, ìyẹn àwọn àdéhùn tó kan ilé yẹn nìkan. Ẹ máa rí gbólóhùn kan lójú ìwé kẹsàn-án tàbí kẹwàá pé ẹni tó bá ra ilé yìí ló máa san owó lọ́yà ẹni tó ń tà á. Òmíràn ní kí ẹ san owó gbogbo ìwé tí wọ́n gbà ní káńsù. Òmíràn ní kí ẹ san gbèsè háyà tí ayálégbé jẹ, kí ẹ tó máa lé e kiri fúnra yín. Mo ti rí irú èyí tó ní kí olùrà san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé, pẹ̀lú VAT, fún ẹni tó ń tà, láìsọ ohun tí owó náà wà fún. Guide price kò sọ ìkankan nínú wọn. Ilé tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú lè wá di ọ̀wọ́n nínú gbólóhùn méjì.

Bó bá jẹ́ fúláàtì, ẹ béèrè iye ọdún tó kù lórí lease. Tí kò bá tó 80, owó tí ẹ máa fi fà á gùn máa ń ga sókè, ojú ọ̀pọ̀ báńkì a sì kọ̀ ọ́. Ẹ béèrè bóyá ìwé section 20 ti jáde, ìyẹn ìkìlọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ń bọ̀ lórí ilé náà tí gbogbo onífúláàtì máa dáwó sí. Bó bá jẹ́ ilé tí ẹ fẹ́ fi gba háyà, ẹ wo EPC, ìwé tó ń fi lẹ́tà A dé G sọ bí ilé ṣe ń lo iná sí: sísàlẹ̀ E, ẹ ò lè fi í háyà àyàfi tí ẹ bá tún un ṣe tàbí tí òfin yọ̀ǹda yín.

Bó bá jẹ́ báńkì tó gba ilé náà lọ́wọ́ onígbèsè ló ń tà á, ẹ má retí ìdáhùn sí ìbéèrè kankan. Wọn ò gbé inú rẹ̀ rí.

5. Ẹ tọ́jú owó ṣáájú. Ìwé ìlérí tí báńkì fún yín pé àwọn lè yá yín lówó kì í ṣe owó. Ọjọ́ 28 kéré jù fún ọ̀pọ̀ mortgage. Bridging loan, ìyẹn ẹ̀yáwó ìgbà kúkúrú, yára, àmọ́ oṣooṣù ni èlé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà san án kí ẹ tó gbà á. Lọ́yà tún máa béèrè ibi tí owó yín ti wá. Bó bá jẹ́ àjọ ni ẹ kó, tàbí ẹbí ló dáwó fún yín, ẹ ti kó ìwé báńkì tó fi hàn sílẹ̀ báyìí. Owó tí kò ní ìtàn máa ń dá iṣẹ́ dúró, ọjọ́ kò sì ní dúró dè yín.

6. Ẹ ṣírò iye tiyín, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Orí èyí ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, nítorí náà mo máa ṣe é pẹ̀lú yín.

Ìṣirò náà

Ẹ jẹ́ kí a ní ilé £95,000 yẹn ni. Ẹ ti wo ojú pópó náà, irú rẹ̀ tó wà ní ipò tó dáa ń lọ ní £200,000. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè san £140,000. Ẹ ti ní ilé kan tẹ́lẹ̀.

- Àtúnṣe, láti ẹnu kọ́ńtírátọ̀, pẹ̀lú owó ìyàlẹ́nu: £30,000
- Lọ́yà yín: £1,800
- Owó lọ́yà ẹni tó ń tà, tó wà nínú special conditions: £1,500
- Owó onígbàǹjo: £1,200
- Ìdíyelófò: £500
- Bridging loan £100,000 fún oṣù mẹ́fà, èlé 1% lóṣù, pẹ̀lú owó ìbẹ̀rẹ̀ 2%: £8,000
- Stamp Duty (owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ilé rírà): £7,300

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ £50,300. Bí ẹ bá fi £140,000 kún un, £190,300 ni ilé tó máa tó £200,000 máa ná yín. £9,700 ló kù fún gbogbo wàhálà yín, bí nǹkan kan kò bá sì yí padà. Ṣé ó tó? Ìyẹn ni kí ẹ dá lóhùn nílé, nígbà tí orí yín tutù. Èmi kò ní kọjá £130,000 lórí rẹ̀.

Ẹ wo ìlà Stamp Duty dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣubú. Láti April 2025, ẹni tí ilé yìí nìkan máa jẹ́ tirẹ̀ kì í san nǹkan kan lórí £125,000 àkọ́kọ́, ó ń san 2% lórí èyí tó kọjá bẹ́ẹ̀ títí dé £250,000. Lórí £140,000, £300 péré nìyẹn. Ẹni tí kò ní ilé rí kò ní san rárá. Àmọ́ ẹni tó ní òmíràn ń san 5% lé gbogbo rẹ̀, ó sì di £7,300. Kì í sì ṣe ilé tó wà ní UK nìkan ni wọ́n ń kà. Ilé tí ẹ kọ́ sílé náà wà nínú rẹ̀, tí ohun ìní yín nínú rẹ̀ bá tó £40,000. Bí ẹ kò bá tíì gbé UK tó ọjọ́ 183 nínú ọdún tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ rà á, 2% mìíràn tún ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ má purọ́ lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ kàn fi owó náà sínú ìṣirò.

Ọjọ́ gbàǹjo

Kí ẹ tó jáde nílé:

- Ìwé ìdánimọ̀ àti ìwé tó fi àdírẹ́sì yín hàn
- Owó 10% tó wà nílẹ̀ nínú àkáǹtì, tí báńkì kò ní dá dúró
- Nọ́ńbà lọ́yà
- Addendum tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà
- Iye tí ẹ kò ní kọjá, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé

Addendum ni ìwé tí wọ́n fi ń tún ohun tó wà nínú ìwé gbàǹjo ṣe. Wọ́n lè fi kọ ọ́ níbẹ̀ pé ilé náà ti tà tẹ́lẹ̀, pé wọ́n ti fà á sẹ́yìn, tàbí pé ayálégbé ṣì wà nínú ilé tí ẹ rò pé ó ṣófo. Ẹni tó bá fowó lé ilé láì kà á, òun ló ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ rántí pé onígbàǹjo lè máa pe owó lórúkọ ẹni tó ń tà, títí tó fi kù díẹ̀ kí ó dé reserve, bí àdéhùn gbàǹjo bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Òfin fàyè gbà á. Nítorí náà ẹ lè máa bá afẹ́fẹ́ jà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ de ìgbà tí ó bá sọ pé ilé náà ti wà "on the market". Ìyẹn túmọ̀ sí pé owó ti kan reserve, àti pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló ni ín. Kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, kò sídìí tí ẹ fi ní láti máa fò sókè ní £5,000 lẹ́ẹ̀kan.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹnikẹ́ni bá fowó lé e ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, aago a tún sún síwájú. Kí ènìyàn lúgọ de ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn kó tó fowó lé e kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Kíkà guide price bí ìbẹ̀rẹ̀ ìnáwó ni àkọ́kọ́. Ẹ máa gbọ́ tí ènìyàn ń sọ pé "mo lè fi £20,000 lé guide price." Kí ni guide price bá a fà? Iye ilé àti iye owó tó máa gbà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn mìíràn á san owó sọ́féyọ̀ (ẹni tó ń yẹ ilé wò) àti lọ́yà lórí ilé márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìgbésẹ̀ 1 àti 2 yọ èyí tí kò bá yín mu kúrò ná, kí owó má bọ́ sórí èyí tí ẹ ò lè rà.

"£1,000 péré ló kù" ni gbólóhùn tó ti ba ọ̀pọ̀ ìṣirò jẹ́. Ẹni tí ẹ ń bá figagbága náà ń sọ bẹ́ẹ̀ sí ara rẹ̀.

Lílọ gba ìdíyelófò lẹ́yìn tí ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́. Nínú àdéhùn gbàǹjo púpọ̀, ewu ilé náà ti di tiyín látìgbà tí òòlù ti lu. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbà á.

Bí òòlù bá lu yín lé

Ẹ sọ fún lọ́yà lójú ẹsẹ̀, ẹ gba ìdíyelófò, ẹ fún ẹni tó fẹ́ yá yín lówó ní gbogbo ìwé lọ́jọ́ kejì. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò tíì pé, lọ́yà ẹni tó ń tà máa fi ìwé notice to complete, ìyẹn ìkìlọ̀ pé kí ẹ san owó tán, ránṣẹ́, tó sábà máa ń fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, èlé sì ń gorí rẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, 10% yín lè lọ. Bí wọ́n bá tún ilé náà tà ní iye tó kéré sí tiyín, wọ́n lè béèrè èyí tó dín lọ́wọ́ yín. Stamp Duty ní tirẹ̀, ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ilé bá di tiyín ni ẹ ní láti san án.

Bí ẹ kò bá rí i rà

Ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ilé tí owó rẹ̀ kò dé reserve kò tíì tà, onígbàǹjo sì fẹ́ tà á. Ẹ lọ bá wọn lọ́jọ́ náà, ẹ sọ iye yín. Ìgbà yìí ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tí ẹni tó ni ilé ń wá gan-an, kò sì sí èrò tó ń fowó lé yín lórí. Àdéhùn gbàǹjo kan náà ni ẹ máa fọwọ́ sí o, nítorí náà legal pack gbọ́dọ̀ ti di kíkà.

Ẹ tún lè sọ iye tiyín ṣáájú ọjọ́ gbàǹjo, bí ìpolówó bá sọ pé "unless sold prior", ìyẹn àyàfi tí wọ́n bá ti tà á ṣáájú. Èyí wúlò fún ẹni tí owó àti lọ́yà rẹ̀ ti ṣe tán. Ẹni tí ó ṣì ń dúró de báńkì kò ní rí ojú rere.

Bí guide price bá jẹ́ irọ́ ní tòótọ́

Pé ilé tà ju guide price lọ kò tó láti fi ẹ̀sùn kàn wọ́n. Ohun tí ẹ ń wá ni ẹ̀rí pé reserve ju guide price lọ ju 10%: fún àpẹẹrẹ, wọ́n fa ilé sẹ́yìn ní iye tó ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní owó kò tíì tó, tí wọn kò sì tún guide price ṣe kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ ya àwòrán ìpolówó náà láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i, kí déètì hàn. Ẹ tún un yà bó bá yí padà.
2. Ẹ kọ̀wé sí onígbàǹjo, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe dé iye náà. Ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́.
3. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wò ó lórí wẹ́ẹ̀bù wọn bóyá The Property Ombudsman tàbí Property Redress, àwọn àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà, ni wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ síbẹ̀.
4. Ọ̀rọ̀ ìpolówó fúnra rẹ̀, ASA ló ń gba ẹjọ́ rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Trading Standards, ẹ̀ka káńsù tó ń mójú tó ọjà títà, náà ń gbọ́ ti ìpolówó ẹ̀tàn.

Kò sí èyí nínú wọn tó máa gba ilé náà padà fún yín. ASA lè ní kí wọ́n yọ ìpolówó náà kúrò; ombudsman lè ní kí wọ́n san díẹ̀ nínú owó tí ẹ ti ná, bí ẹ bá lè fi rísíìtì hàn. Nítorí náà ẹ má sọ rísíìtì lọ́yà àti ti sọ́féyọ̀ nù.